Nọ́ńbà Tó Kéré

Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Orest jáde, tí nọ́ńbà próstéètì tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ mẹ́rin ti di mẹ́rìnlá, gbogbo ìlú kékeré wọn ní Saskatchewan, ní Kánádà, ti sọ ọ́ di òkú kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn opó ìjọ gbé ọbẹ̀ pupa tí wọ́n fi gbòǹgbò bíìtì sè wá, wọ́n gbé páì wá, wọ́n sunkún lé e léjìká. Wasyl àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé ilé oko, ló ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ó ń jẹ, ṣòkòtò sì ń yọ̀ nídìí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì kú o," ló wí, páì kún ẹnu rẹ̀. "Wọ́n ní páì eléso ápù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

"Á há ọ lọ́fun."

Nọ́ńbà ti Wasyl fúnra rẹ̀, tí wọ́n jọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò tó oókan. Níbi eré tí wọ́n ti ń yí òkúta lórí yìnyín, ó ń polongo rẹ̀ fẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ àtẹni tí kò fẹ́: "Nísàlẹ̀ ikùn, ọmọ ogún ọdún ni mí!" Bí ìdí bá ń ro ó, á ní òkúta ló fà á.

Dókítà Kaur ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ wò nínú próstéètì Orest, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Orest, tó ti fọwọ́ lásán so akọ màlúù rí, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Abẹ́rẹ́? Níbẹ̀ yẹn? Bí Wasyl ò bá ṣe é, èmi ò ṣe."

"Dókítà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, kí ìyá àgbà yìí rí bí ọkùnrin ṣe ń ṣe," ni Wasyl tó tẹ̀lé e wá wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó bi Wasyl bóyá nǹkan kan ń dùn ún.

"Ìdí lásán ni. Ìtọ̀ sì ń jí mi lóru bí ọmọ ọwọ́, àmọ́ ó jẹ́ kí n máa rí òṣùpá."

Dókítà wò ó díẹ̀, ó ní kò burú, kí Wasyl náà ṣe é.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, títí wọ́n fi délé ni Wasyl ń sín igbe tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké nídìí abẹ́rẹ́ jẹ.

Lọ́jọ́ èsì, Orest wọ kóòtù tó dáa jù tó ní. Wasyl fẹ̀yìn ti àga, ó ń súfèé.

"Dókítà, ṣé kí n ti lọ máa sàmì tèmi sára àwọn màlúù tí ẹ̀gbọ́n mi máa fi sílẹ̀ fún mi?"

Dókítà ní ti Orest, wíwú lásán ni, oògùn á kápá rẹ̀. Wasyl hó yèè, ó gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn. "Ẹ lọ sọ fáwọn opó pé ẹ ti jíǹde!"

Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ Wasyl, ó ní irú jẹjẹrẹ próstéètì kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tó ń sáré bí iná inú koríko gbígbẹ, tí kì í gbé nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ sókè rárá, ó sì bẹ Orest pé kó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú.