Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Jos, 1984. Ọ̀gá Adéyínká ń lu tábìlì ní ọ́fíìsì.

"Kàsímù, kọ̀ǹpútà rẹ ò mọ̀ mí."

Kàsímù ń làágùn. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ìlà ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀, tó ń sọ ọ́ di àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ àti ipò.

Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù ló jáde bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ló wà nípò ọ̀gá.

Kàsímù wo ikùn ọ̀gá, ó yáa gbójú kúrò.

"Wallahi sà, ẹ̀bi ètò mi kọ́."

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Abísọ́lá, akọ̀wé tó ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, dìde nídìí ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín gbé mi níyàwó ni mo ti sọ yín ní Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́. Ẹnu mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ yín, ọwọ́ mi náà ò lè tẹ̀ ẹ́."

Ó rẹjú sílẹ̀.

"Nígbà yẹn, ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́."