Èrò Àkọ́kọ́ Nínú Bàálù Ìyanuolúwa

Màmá Kùdírátù fúnra ẹ̀ gbà pé òun gọ̀: ẹnu òun ló kó òun sí wàhálà.

Ìyanuolúwa, ọmọ-ọmọ ẹ̀, fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, ó ń ṣe bàálù ní Yábàá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Túbọ̀sún, bàbá ọmọ náà, búra lánàá: "Tí kò bá fò lọ́la, báǹkì ló ń padà sí!"

Ni Màmá bá fi gbogbo àdúgbò Àgùdà ṣe ẹlẹ́rìí: "Èmi ni èrò àkọ́kọ́. Tó bá máa já, kó já tòun tèmi!"

Pẹ̀lú ìdí tó tóbi bí odó yìí! Láti àná, kò fẹnu kan ẹ̀bà, kí bàálù má baà wúwo.

Ó ti dágbére fún gbogbo ayálégbé.

Ní báyìí, ó jókòó sórí àga oníke ní pápá ilé-ìwé, ó fi ọ̀já ìpọnmọ de ara ẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì bàálù.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

Ìyanu dé.

"Bàálù dà?" Màmá bèèrè.

Ó wà lábẹ́ abíyá ẹ̀. Kò tóbi ju àwo ìrẹsì lọ.

"Màmá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ló máa máa gbé wá. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ àga fi kán lábẹ́ ẹ̀.

Bàálù náà kùn bí oyin, ó dìde, ó fo òrùlé ilé-ìwé kọjá.

Túbọ̀sún tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìyanu," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "tó o bá ṣe ńlá ẹ̀, ṣé ó lè gbé èmi?"