Adelé Tí Mo Ní Màá Yọ Lọ́la

"Wọ́n ní ọkọ̀ ti ń bọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Má sáré wakọ̀ o, Aláṣekù mi."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Aláṣekù ni orúkọ tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pè mí, ó sì bá mi mu. Bí mo bá ń kun ilé, igun kan á kù. Bí mo bá ń fọ abọ́, ìkòkò á kù. Iṣẹ́ tí mo bá ti ṣe dé ibi tí ojú ń rí, lójú tèmi, ó ti parí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Ìyókù, ojú ni mo fi kọ́ ọ. Ilé ìwòsàn kan ní kí ilé iṣẹ́ wa ṣe áàpù tí aláìsàn á fi máa pe ọkọ̀ pàjáwìrì láti orí fóònù. Sáfà ilé ìwòsàn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìpè, ni áàpù náà gbọ́dọ̀ máa bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣí i fún wa. Mo bá ṣe sáfà mìíràn tí a ó fi máa dán iṣẹ́ wò. Adelé ni a ń pè é. Kò mọ ọkọ̀, kò mọ awakọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá bi í, èsì kan náà tí mo kọ fún un ló máa fún yín: "A ti gbọ́. Ọkọ̀ ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ." Mẹ́jọ yẹn, orí ara mi ni mo ti mú un.

Mo dán an wò nílé. Ìyàwó mi lọ yọjú lójú fèrèsé.

"Ọkọ̀ dà? Ajá aládùúgbò nìkan ni mo rí."

"Adelé ló dáhùn," ni mo wí. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Yọ ọ́ kúrò kó o tó gbàgbé. Mo mọ̀ ẹ́."

Ọjọ́ tí a fẹ́ fi iṣẹ́ han àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn, sáfà wọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún wa ń ṣe bí arúgbó tó ń gun òkè. Kí ojú má baà tì mí, mo kọ ọ́ sínú áàpù pé bí sáfà gidi kò bá fèsì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí adelé dáhùn. Ó dáhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka wa.

Obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò kò pàtẹ́wọ́. Ó dàgbà jù mí lọ. Ìyá Àyẹ̀wò ni gbogbo wa ń pè é. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

"Ọ̀gá tuntun, adelé yẹn ńkọ́? Àbí ó fẹ́ jọba ni?"

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Ó di ọ̀la."

"Irọ́ tó ń dáhùn burú ju òótọ́ tó dákẹ́ lọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò o."

"Ìlà mẹ́rin péré ni mo máa pa rẹ́, Ìyá Àyẹ̀wò. Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?"

Ọ̀la yẹn di oṣù méje. Áàpù ti wà lórí fóònù àwọn èèyàn. Ìyàwó mi náà ní i, torí ikọ́ ìfée ti ń bá a jà láti kékeré. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá mo ti yọ adelé. Mo ní mo ti yọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àyà rẹ̀ há. Ó tẹ áàpù. Sáfà ilé ìwòsàn ti dákẹ́ láti àárọ̀. Adelé kò dákẹ́. Ìyàwó mi wá pè mí níbi iṣẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Bí mo ṣe gbọ́ "mẹ́jọ", mo mọ̀ pé adelé ló dá a lóhùn. Ilé wa jìnnà sí ilé ìwòsàn. Kò sí ọkọ̀ tó lè débẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo pariwo pé, "Má dúró dè wọ́n!" Ó ti pa fóònù. Mo pè é padà, kò gbé e. Mo pe ilé ìwòsàn. Ẹni tó gbé e ní kò sí ìpè kankan láti àdúgbò wa.

Nígbà tí mo wakọ̀ délé, mo bá a lórí àga lójú fèrèsé, báàgì rẹ̀ lórí itan, ojú rẹ̀ sí títì. Kò mí mọ́. Aládùúgbò wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, mo ní kí n gbé Àǹtí lọ," ló ń wí. "Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, ọkọ̀ ti ń bọ̀."

Wọn ò lé mi níbi iṣẹ́. Ìyá Àyẹ̀wò ló yọ adelé náà lọ́jọ́ kejì. Kò bú mi. Kò sì lò tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Ohun tí ẹ bá fi dípò òótọ́ kí iṣẹ́ lè máa lọ, ẹ mú un kúrò kí iṣẹ́ náà tó dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú ọjọ́ kan mú yín kọ́ ẹ̀rọ ní irọ́, torí ẹ̀rọ kì í mọ ẹni tó ń purọ́ fún. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kì í sì í tún ọ̀ràn ṣe.

Mi ò tíì gbé àga kúrò lójú fèrèsé. Mi ò tíì tú báàgì rẹ̀. Igun tó kù lára ògiri yàrá wa, mi ò tíì kùn ún. Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ̀ ẹni tó kọ ìṣẹ́jú mẹ́jọ.