Lẹ́tà Mi Kò Ní Rù

Láàárọ̀ yìí náà, mo kọ ÀWẸ̀RÓ ALÁRÓ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ògiri ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tí ìjọba fi sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù kí lẹ́tà wa lè bá òfin mu. Kí n tó nu ọwọ́, ògiri ti sọ lẹ́tà mi di tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná.

"Màmá, lẹ́tà yín sanra ju ti òfin lọ," ni ògiri wí.

"O ò lójútì! Lẹ́tà ìyá mi nìyẹn, òun ni oníbàárà fi ń dá mi mọ̀! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti jọra, àwọn oníbàárà ń kọjá mi lọ!"

Mo fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ orúkọ náà sára ìró, mo rẹ ẹ́ sáró. Nígbà tó gbẹ, mo ró o. Ìdí mi gba orúkọ náà tán, àyè tún ṣẹ́kù! Mo kọ ẹ̀yìn sí títì.

"Ìyá Aláró, mo ti rí yín!" oníbàárà kan ké láti òdìkejì.

Ògiri, ó yá, wá fún ìdí mi tẹ́ẹ́rẹ́!