Ẹlẹ́wù Aró

Ọdún tí Misié Moctar ti Ṣábẹ̀ wá sí Tchatchou láti máa kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ìròyìn kan jáde. Ojú ewé kan péré ni, fọ́tòkópì lásán, ọjọ́ ọjà ló sì ń jáde. Ó sọ ọ́ ní Ìpàkọ́, nítorí ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ ló fi ń bo àwọn èèyàn lójú, àwọn òǹkàwé ló sì ń ṣí ìbòjú náà fúnra wọn ní kafétéríà ẹ̀bá títì, wọn a máa rẹ́rìn-ín títí kọfí wọn yóò fi tutù.

Misié kò tíì lo oṣù mẹ́ta nílùú tí Ẹlẹ́wù Aró fi jáde nínú Ìpàkọ́. Oníṣòwò ni Ẹlẹ́wù Aró. Ẹ̀wù aró ni ti òní, òun náà ni ti ọ̀la. Orí rẹ̀ ti pá, nítorí náà kì í ṣí fìlà. Ìdí kọfí ni òwúrọ̀ rẹ̀ ń tán sí. Ní gbogbo Àlàmísì, a wọkọ̀ ojú omi kọjá odò lọ bá obìnrin kan tó fi pamọ́ sí òdìkejì, bó bá sì délé, a máa bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ọjà.

Wọn ò tíì kà á tán tí ẹnìkan fi ní, “Chérifou nìyí.”

Chérifou ni ọkọ Hawaou. Ó ń ra kájú, ó fẹ́ràn ẹ̀wù aró, ó ń mu kọfí, fìlà kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Gbogbo Àlàmísì ló ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Kika. Ti ọkọ̀ ojú omi nìkan ni kò bá a mu, wọ́n sì tètè wá nǹkan ṣe sí i: ṣebí odò Okpara wà lápá ibẹ̀, àbí òǹkọ̀wé ò gbọdọ̀ dárà ni?

Hawaou pọn Raoudath, ọmọ rẹ̀ tó ṣì ń mu ọmú, ó gba ilé misié lọ. Ó bá a nídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé, ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tó nípọn bíi bíríkì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Misié pa ìwé náà dé.

“Misié, ta ni Ẹlẹ́wù Aró?”

“Tata,” ni misié fi ọ̀wọ̀ pè é, “ta lẹ rò pé ó jẹ́?”

“Wọ́n ní bàbá ọmọ yìí ni.”

Misié wò ó. Inú rẹ̀ dùn, kò sì lè fi pamọ́. “Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan.”

Hawaou délé, ó bi ọkọ rẹ̀. Chérifou kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló búra.

“Walaí, Ìyá Raoudath, kájú ni mo ń lọ rà.”

“Kí ló dé tí ẹ ò bá misié jà? Òwe tó bá jọ tẹni, tí a ò bá jà, ẹ̀rù ìjà ló ń bani.”

“Bí mo bá jà, wọn á ní èmi ni lóòótọ́.”

Hawaou ka èyí náà sí ìjẹ́wọ́.

Ìpàkọ́ kò dákẹ́. Ẹlẹ́wù Aró ra yẹtí fún obìnrin òdìkejì odò. Ẹlẹ́wù Aró ń wúkọ́ lójú ìyàwó rẹ̀ kí ó lè ṣàánú rẹ̀. Èyí ló dun Hawaou jù, torí ikọ́ fée ti ń ṣe Chérifou láti kékeré, òun ló sì ń fọwọ́ pa á láyà bó bá dé sí i. Ṣé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀ látijọ́? Èyí tó jáde kẹ́yìn bá ìyàwó náà gan-an sọ̀rọ̀: bí Ẹlẹ́wù Aró bá ti òdìkejì odò dé, tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń wúkọ́, kí obìnrin tó bá gbọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Kí ọkọ lọ wúkọ́ fún ẹni tó ra yẹtí fún.

“O ti ka tọ̀sẹ̀ yìí?” ni àwọn obìnrin ń bi Hawaou nídìí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ń wò ó bóyá ó gbọ́n.

Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, òjò ká Chérifou mọ́ ọ̀nà Kika. Ó délé lọ́sàn-án, ó rin gbingbin, ó sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu wà nínú ilé, lẹ́bàá fèrèsé.

“Ìyá Raoudath, ṣílẹ̀kùn. Oògùn mi.”

Hawaou jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń gbọ́ ikọ́ náà láàárín ariwo òjò lórí páànù, ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú.

“Jọ̀ọ́,” ni Chérifou wí.

Nígbà tí ìkànkùn dákẹ́, Hawaou ní ó ti padà lọ bá obìnrin Kika nìyẹn. Ìgbà tí òjò dá ni àwọn aládùúgbò rí Chérifou lẹ́nu ọ̀nà, tó ti kú.

Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Hawaou ń retí kí obìnrin Kika wá sunkún, títí wọ́n fi ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kò wá. Hawaou ní ìtìjú ni. Ó dáná sun gbogbo Ìpàkọ́ tó wà nílé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé misié lọ sí ìlú mìíràn, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní Tchatchou, wọ́n ṣì ń fi Hawaou ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọbìnrin tó bá ń lọ sílé ọkọ: obìnrin tí kò gba ìyà. Raoudath dàgbà sínú ìyìn yẹn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wá lọ kọ́ ní yunifásítì ní Parakou. Ní ìsinmi ọdún yìí, ó gbé ìwé kan tó nípọn bíi bíríkì wálé. Ìwé ìròyìn ẹlẹ́fẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń kà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló tún un tẹ̀, wọ́n sì fi àlàyé sẹ́sẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, láti sọ ẹni tí orúkọ ẹ̀fẹ̀ bò lójú àti ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Mamá, ẹ gbọ́ ọ̀kan,” ni Raoudath wí. “Á pa yín lẹ́rìn-ín.”

Hawaou ń ṣa ẹ̀wà lọ, bí ọmọ rẹ̀ ti ń túmọ̀ ìtàn ọkùnrin ẹlẹ́wù aró kan tó fi irun àtọwọ́dá bo orí pípá, tó ń mu kọfí láràárọ̀, tó ń wọkọ̀ ojú omi kọjá odò ní gbogbo Àlàmísì, tó ra yẹtí, tó ń wúkọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, títí Raoudath fi dé àlàyé ẹsẹ̀ ìwé, tó sì kà á pé aláṣọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọkùnrin náà, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn, ìyàwó rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un.