Maṣíìnì Màmá Ìbíyínká

Láti ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ maṣíìnì ti gún Latifah ní ìka ìtọ́ka ni kò ti fẹ́ẹ́ rí òwú sójú mọ́. Abẹ́rẹ́ náà gba orí èékánná wọlé, ó kán sínú ìka, dókítà ló bá a yọ ọ́. Ìka ti jinná láti oṣù mẹ́ta. Oṣù méjì péré ló kù kó ṣe firídọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, á ní orí ń fọ́ òun.

Ràfíátù, ìyá rẹ̀, kò bá a jà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó kàn ní kó bá òun dé Ìwárọ̀ ní Ọ̀kà, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ìbíyínká. Ọmọ ìyá náà fi maṣíìnì oníná ránṣẹ́ sí i láti Àbújá, irú èyí tí wọ́n ń gbé sílé, ìyá àgbà náà sì ń wá ẹni tí yóò bá òun tò ó.

“Ẹnu lásán ni mo máa fi sọ ọ́ o,” Latifah wí. “Mi ò ní fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?” ìyá rẹ̀ dáhùn.

Ọ̀kadà gbé Latifah gun òkè, atẹ́gùn Ọ̀kà ń fẹ́ ìbòrí rẹ̀ lẹ́lẹ́. Ó bá Màmá Ìbíyínká níwájú ilé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kíra tán, Màmá wo èjìká aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní apá aṣọ náà jókòó dáadáa, ta ló rán an? Latifah ní òun ni. Màmá mi orí.

Maṣíìnì ṣì wà nínú páálí ní pálọ̀. Tábìlì kan wà lábẹ́ fèrèsé, ó dúró gbọin, ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ́ sórí rẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Latifah ní àfi bíi pé wọ́n dìídì kan tábìlì náà fún maṣíìnì. Màmá ní ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀.

Latifah fà sẹ́yìn jókòó, ó ká ọwọ́ sáàárín itan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní kí Màmá má tíì ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kó kọ́kọ́ gbé maṣíìnì kalẹ̀ kó má mì, kí wáyà má sì gba ibi tí ènìyàn yóò ti fẹsẹ̀ kọ ọ́. Bí ó bá fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́ tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, kó pa iná, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó bojú wo ìka ìtọ́ka rẹ̀.

“Ẹsẹ̀ rẹ wà lórí pẹ́dàlì lọ́jọ́ náà,” Màmá wí.

Latifah ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ń dá oníbàárà kan lóhùn ni. Màmá fi àtàǹpàkò ra ìka ara rẹ̀.

Ibi abẹ́rẹ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Màmá kọ ibi tó pẹlẹbẹ lára abẹ́rẹ́ síwájú. Latifah ní ẹ̀yìn ló yẹ kó kọ sí. Màmá yí i, ó di ẹ̀gbẹ́. Latifah tún un sọ títí ó fi sú u, ó dìde, ó gba abẹ́rẹ́, ó ki í bọ ihò rẹ̀, ó dè é pinpin. Ìgbà tó padà jókòó ló tó rí i pé òun ti fọwọ́ kan maṣíìnì.

Lọ́jọ́ kejì tí Màmá ní kó tún padà wá, bọ́bììnì tí wọ́n ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí ni Màmá fi sódì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń fa aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, Latifah sì ní wọn kì í fà á, ńṣe ni wọ́n ń tọ́ ọ sọ́nà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó na ìka sábẹ́ abẹ́rẹ́ gan-an. Latifah gba ọwọ́ rẹ̀ mú, àfi bó ṣe wo ògiri tó rí i pé síwíìṣì ò sí ní títàn. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá ṣì í ṣe ni iná kì í sí lára maṣíìnì, kì í sì í ṣe àṣìṣe kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó délé, Latifah sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìyá àgbà náà ò mọ nǹkan kan, orí rẹ̀ ló kàn ń bá a ṣe é. Ràfíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá gbé áńkárá jáde, ó ní bùbá lòun fẹ́ fi rán, ṣùgbọ́n ojú ń ro òun. Ṣé Latifah lè bá òun rán ẹ̀gbẹ́ kan péré? Latifah jókòó. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó wo wáyà, ó wo abẹ́rẹ́, ó wo ibi tí ìka rẹ̀ wà, ó wá tan iná, ó sì tẹ pẹ́dàlì jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Maṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀gbẹ́ kan parí. Kò dìde. Kí àwọn ará ilé ìkejì tó dáná oúnjẹ alẹ́, bùbá ti parí pẹ̀lú apá àti ọrùn rẹ̀.

Màmá yí inú aṣọ náà síta, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ó gún régé,” ló wí.

Latifah bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n òun á ṣì máa yọjú ní ọjọ́ Sátidé, torí Màmá ò tíì mọ bọ́bììnì í fi dáadáa. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún sùúrù, ó pè é ní tíṣà òun.

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu wọn tí obìnrin kan fi ṣílẹ̀kùn wọlé, ẹni tó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú Màmá Ìbíyínká, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi, mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkun pé ẹ tún ti gba ọmọ iṣẹ́.”