Èbúté Orí Tábìlì

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Akínṣọlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé pákó ọkọ̀ Ayédùn, apẹja tí àwọn olè orí omi yìnbọn pa, wálé. Ó fẹ́ fi ṣe èbúté fún ọkọ̀ ogun kékeré tó ń kàn sórí tábìlì.

"Bàbá Tọ́pẹ́, a kì í gbé igi ọkọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí wọlé," ni Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí. "Etí omi ló ń jẹrà sí."

"Bí ẹni tó ni ín bá dé, fún un ní àga."

Ilẹ̀ ṣú. Bó ṣe lẹ pákó ìkẹyìn mọ́ èbúté, ó gbọ́ ìró àjẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìbọn ọkọ̀ náà, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan péré tó fi ọ̀dà dúdú kùn, dún gbàù. Etí òsì Akínṣọlá fò lọ, ẹ̀jẹ̀ ya bo èbúté, ó ṣubú lulẹ̀. Ọba Atóbijù má jẹ́ ká rí irú rẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ sáré wọlé. Ìbọn náà rọra yí kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí àyà tirẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò ga ju ìka lọ, tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́, dúró sórí èbúté, omi ń kán lára rẹ̀.

Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, bàbá Ayédùn, ẹ jẹ́ kí n gbé pákó yín padà sétí omi."